Ẹ Má Sá fún Social: Ohun Tí Mo Rí Nídìí Iṣẹ́ Ìtọ́jú Ọmọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí àyà òbí Yorùbá já ní ìlú yìí, kò ní láti dárúkọ ọlọ́pàá. Kó ṣáà ti dárúkọ "social", ó parí. Ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ òun ń fi í halẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Aládùúgbò tó jà nítorí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ń fi í halẹ̀ mọ́ aládùúgbò. Tọkọtaya tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ ń fi í halẹ̀ mọ́ra wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ní òde ìnáwó, ìtàn kan náà là ń gbọ́: "Wọ́n ti gba ọmọ lágbájá o! Wọn ò ní dá a padà mọ́." Ìtàn náà á máa gbèrú bó ṣe ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹwàá, ọmọ kan tí wọ́n wá bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á ti di ọmọ mẹ́ta tí wọ́n kó lọ lóru.

Mo ń kọ́ iṣẹ́ social work ní yunifásítì lọ́wọ́, mo sì wà nídìí ìkọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ti káńsù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò ní dárúkọ káńsù náà, mi ò sì ní tú àṣírí ìdílé kankan, nítorí abẹ́ ahọ́n ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ fún wa ń gbé. Ṣùgbọ́n mo lè sọ bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe rí. Èrò mi kò sì fara sin: ìbẹ̀rù wa ti ju ìmọ̀ wa lọ, àwọn ọmọ wa ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó ń wá sílé yín. Ní England, ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ṣe 200 ọjọ́ ìkọ́ṣẹ́. Ó sábà máa ń jẹ́ 70 ọjọ́ níbì kan, 100 ọjọ́ níbòmíràn, ìyókù sì jẹ́ fún ẹ̀kọ́ ọgbọ́n iṣẹ́. Ọ̀gá kan wà tó ń ṣọ́ wa, tó ń ka ohun tí a kọ, tó ń béèrè pé kí ló dé tí a fi sọ báyìí, kí ló dé tí a kò fi sọ tọ̀hún. Láti ọdún 2005, ẹnikẹ́ni kò lè pe ara rẹ̀ ní social worker ní ilẹ̀ yìí láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019, àjọ Social Work England ló ń tọ́jú ìwé náà fún England, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn yín, kì í ṣe àrífín pé kí ẹ ní kó fi káàdì rẹ̀ hàn yín. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Kí wá ni iṣẹ́ náà? Ọ̀pọ̀ ìgbà, orí kápẹ́ẹ̀tì ni mò ń jókòó sí pẹ̀lú ọmọ, pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsùlù aláwọ̀ oríṣiríṣi. A máa ń ya ilé mẹ́ta: ilé ohun tó ń ba ọmọ lẹ́rù, ilé ohun tó dùn mọ́ ọn, àti ilé ohun tó ń fẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè yà sínú ilé mẹ́ta yẹn. Mo ti rí ọmọ tó ya ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ sínú ilé ayọ̀, tó wá ya àga tí kò sí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ sínú ilé ẹ̀rù. Nígbà tí mo bi í, ó ní mọ́mì òun ni kò sí lórí àga, torí pé mọ́mì máa ń lọ síbi iṣẹ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Kò sí ẹni tó na ọmọ yìí, kò sí ẹni tó fi ebi pa á. Ẹ̀rù ló ń bà á lóru. Ìrànwọ́ ni ìyá rẹ̀ nílò, kì í ṣe ẹjọ́. Ìrànwọ́ náà ni wọ́n sì bá a wá.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí òfin, torí pé ohun tí a kò mọ̀ ló ń dẹ́rù bà wá jù. Òfin tó ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni Children Act ọdún 1989. Bí ilé ìwé tàbí dókítà bá fi ọ̀rọ̀ ọmọ tó káńsù létí, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan ni káńsù gbọ́dọ̀ pinnu ìgbésẹ̀ tó kàn. Bí àyẹ̀wò bá yẹ, kò yẹ kó ju ọjọ́ iṣẹ́ 45 lọ. Abala 17 òfin náà wà fún ọmọ tó nílò ìrànwọ́, òbí sì lè gbà tàbí kó kọ̀. Abala 47 ló wà fún ọmọ tí wọ́n bá fura pé ìpalára ńlá ń bá tàbí pé ó lè bá. Ìyẹn kò dúró de kí òbí gbà.

Ta ló wá lè gba ọmọ? Social worker kò lè dédé wọlé kó gbé ọmọ lọ. Ọlọ́pàá lè mú ọmọ tí ewu ńlá dojú kọ lọ síbi ààbò, ṣùgbọ́n wákàtí 72 ni òpin rẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ. Àṣẹ pàjáwìrì ti ilé ẹjọ́, ọjọ́ mẹ́jọ ni, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje kún un. Bí káńsù bá ní kí ọmọ kúrò nílé fún ìgbà pípẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú adájọ́, òfin sì fẹ́ kí ẹjọ́ náà parí láàárín ọ̀sẹ̀ 26. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, òbí ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ tálákà. Ẹ tún gbọ́ èyí o: abala 20 wà tó gba òbí láàyè láti fínnúfíndọ̀ fi ọmọ sọ́dọ̀ káńsù. Bí wọ́n bá gbé ìwé abala 20 wá, ẹ má sáré fọwọ́ sí i kí lọ́yà tó bá yín kà á. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí i, ẹ lè ní ẹ ò ṣe mọ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá já gaara lẹ́nu yín, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún yín. Ẹ má fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó kan òun fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ yìí kò kéré rárá. Ẹ wo bí àwa ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá Yorùbá tí inú ń bí yóò ní, "Màá pa ẹ́ lónìí!" Kò sí ọmọ Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n tí ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham bá lọ túmọ̀ rẹ̀ fún tíṣà ní Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà kò ní rẹ́rìn-ín. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ni, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ojú. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòró ni aláìlẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí kò lè wo ni lójú ní ohun tó ń fi pa mọ́. Nígbà tí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi òyìnbó jáde nílé kan, ó ní ọmọ náà ń bojú wolẹ̀, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí àmì ìbẹ̀rù. Mo ní kó dúró ná, mo sì ṣàlàyé fún un. Kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè wa nínú yàrá yẹn ńkọ́?

Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ náà wà, òun ni a kì í fẹ́ sọ. Àṣà kì í ṣe àwíjàre fún ìwà ìkà. Ẹ rántí Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n bí ní Ivory Coast. Àwọn òbí rẹ̀ fà á lé ìbátan bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó lọ fún un ní ẹ̀kọ́ gidi ní òkè òkun. Ìwé ìrìnnà ọmọ mìíràn ni wọ́n fi mú un wọ ilẹ̀ yìí ní ọdún 1999. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2000, ó kú sí ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ka ọgbẹ́ 128 lára rẹ̀. Nígbà tí Lord Laming gbé ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2003, ó ní ó kéré tán, ìgbà 12 ni àwọn tó yẹ kó gbà á là ní àǹfààní láti ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọn ò ṣe é. Ohun kan nínú ìwádìí náà kò kúrò lọ́kàn mi: ọmọ náà máa ń nàró gbọnrangandan bí ṣójà níwájú àwọn tó ń fìyà jẹ ẹ́, social worker sì rò pé ọ̀wọ̀ fún àgbà ni, pé bí ìdílé adúláwọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀rù ni wọ́n pè ní ọ̀wọ̀! Bí ẹni tó mọ ohun tí ọ̀wọ̀ jẹ́ lóòótọ́ bá wà níbẹ̀, ó lè ti mọ ìyàtọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ yìí nílò wa.

Nípa pàṣán àti ìgbátí, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Ní Scotland, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2020, òbí kò láṣẹ mọ́ láti na ọmọ rẹ̀ rárá. Ní Wales, òfin kan náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Ní England, òfin ọdún 2004 ṣì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìbáwí tí kò le, ṣùgbọ́n bí ó bá ti lé lára, tí ó dọ́gbẹ́, àwíjàre ti tán. Ẹ má sì sọ pé òyìnbó ló mú èyí wá bá wa. Ìjọba Nàìjíríà ṣe Child's Rights Act ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Àwọn baba wa pàápàá kò sọ pé kí á fi ọwọ́ méjèèjì na ọmọ. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí á fi tòsì fà á mọ́ra. Èwo nínú ọwọ́ méjèèjì ni ọmọ wa ń rí nígbà tí a bá ti ibi iṣẹ́ wákàtí 12 dé, tí ó ti rẹ̀ wá, tí inú sì ti ń bí wa látinú bọ́ọ̀sì?

Ti fífi ọmọ sílẹ̀ nìkan ńkọ́? Òfin ilẹ̀ yìí kò dárúkọ iye ọdún tí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí á tó lè fi í sílẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ó bá fi ọmọ sínú ewu. Ìmọ̀ràn àjọ NSPCC ni pé ọmọ tí kò tíì pé 12 kì í sábà gbọ́n tó láti dá wà fún ìgbà pípẹ́, àti pé kí á má fi ọmọ tí kò tíì pé 16 sílẹ̀ ní òun nìkan mọ́jú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ ló ń san owó ilé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wí jáde kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ. Ẹ sọ fún ilé ìwé, ẹ sọ fún ẹgbẹ́ ìlú yín. Ó rọrùn kí ìyá méjì pín oru láàárín ara wọn ju kí ìyá kan dúró síwájú adájọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ àgbàtọ́ ló kù, òun ló sì kan àwa Yorùbá jù. Láti àwọn ọdún 1950, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tí wọ́n wá kàwé ní ilẹ̀ yìí máa ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn wo ọmọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n gbé fún àwọn òyìnbó tí wọn ò mọ̀ rí, láìsí ìjọba níbẹ̀ dáadáa. Òmíràn bọ́ sọ́wọ́ ẹni ire. Òmíràn rí màbo. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà nínú wọn. Ìlú Tilbury ni wọ́n gbé e lọ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì fi ohun tó fojú rí ṣe fíìmù Farming tó jáde ní ọdún 2018. Kí ẹnikẹ́ni má bú àwọn òbí ìgbà náà: ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ló fún wọn lọ́rùn, wọ́n sì rò pé àwọn ń wá ire fún ọmọ ni. Ṣùgbọ́n èrò rere nìkan kò lè dáàbò bo ọmọ.

Lónìí, ọmọ ni àwọn ará ilé ń fi ránṣẹ́ sí wa níhìn-ín. "Jẹ́ kí ó wá bá ẹ gbé, kó lè kàwé." Àwa sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹbí lásán ni. Rárá o! Bí ọmọ tí kò tíì pé 16, tàbí 18 bó bá jẹ́ aláàbọ̀ ara, bá máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀ tàbí ìbátan tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀, òfin ní kí ẹ sọ fún káńsù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Bó bá sì jẹ́ pé kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọmọ á dé, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ta wá ni ìbátan tímọ́tímọ́? Bàbá àgbà, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àti ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá àwọn òbí. Ibẹ̀ ni èdè wa ti ń dá wa láàmú, torí pé gbogbo ayé ni àǹtí, gbogbo ayé ni bùrọ̀dá! Ọ̀rẹ́ ìyá ọmọ kì í ṣe àǹtí lójú òfin. Ẹni tí ẹ jọ wá láti ìlú kan náà kì í ṣe bùrọ̀dá lójú òfin. Kódà ìbátan bàbá Victoria yẹn kò wà nínú àwọn tí òfin kà sí tímọ́tímọ́. Bí ẹ bá sọ fún káńsù, wọ́n á wá bẹ ọmọ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje, wọ́n á sì máa wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ní ọdún àkọ́kọ́. Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín nítorí pé ẹ jẹ́wọ́. Ohun tí ẹ fi pa mọ́ ló ń mú kí wọ́n máa fura.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Àwa tí a ò ní pépà ńkọ́?" Òótọ́ ni pé ìbẹ̀rù tiyín tún ṣe ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìrànwọ́ abala 17 fún ọmọ tó nílò rẹ̀ kò sí lára owó ìjọba tí wọ́n fi òfin físà ní kí ẹ má gbà. Káńsù lè fi pèsè ilé àti oúnjẹ fún ìdílé tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè bi yín léèrè nípa ìwé ìgbélùú yín, káńsù àti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú sì máa ń bára wọn sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lọ rí agbẹjọ́rò tàbí àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ebi pa ọmọ nítorí ìtìjú.

Mi ò wá síbí láti gbè sẹ́yìn káńsù o. Wọ́n ní àléébù. Social worker ń yí padà lemọ́lemọ́ débi pé ìyá kan á sọ ìtàn ìbànújẹ́ kan náà fún ẹni mẹ́rin. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn. Àwọn mìíràn ń wo ilé adúláwọ̀ bí ẹni pé ọ̀daràn ló ń gbé ibẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè wọ́n ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n á wá fi ọmọ sílẹ̀ sínú ìyà. Bí wọ́n bá ṣe yín níbi, ẹ fi ẹ̀sùn kàn wọ́n, ọ̀nà ẹ̀sùn wà. Ṣùgbọ́n a kò lè dúró síta ká máa pariwo pé wọn ò mọ àṣà wa, kí á sì kọ̀ láti wọlé lọ kọ́ wọn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mò ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe dókítà, lọ́yà àti akáùńtáǹtì nìkan ni iṣẹ́. Ẹ wá kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bojú jẹ́ bí ọmọ yín bá yàn án. Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ ní yàrá kan tó ṣófo, ẹ lọ béèrè bí a ṣe ń di alágbàtọ́ lọ́dọ̀ káńsù yín. Bí ọmọ wa kan bá tilẹ̀ ní láti kúrò nílé fún ìgbà díẹ̀, ṣé kò sàn kó bá ara rẹ̀ nílé tí wọ́n ti ń jẹ àmàlà, tí wọ́n mọ bí a ṣe ń di irun rẹ̀, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ? Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ìlú, ẹ pe àwọn tó mọ òfin wá bá àwọn èèyàn yín sọ̀rọ̀ kí wàhálà tó dé. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé Childline wà, pé 0800 1111 ni nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọmọ tó mọ ibi tó lè ké sí kì í ṣe ọ̀tá òbí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Nílé, igba ènìyàn yẹn ni ìyá àgbà, ará àdúgbò, ìyá oníyàrá kejì. Níhìn-ín, tíṣà, dókítà àti social worker wà nínú wọn, bí a fẹ́, bí a kọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà wà nínú wọn, kí ọmọ wa tó bá gbójú sókè lè rí ojú tó mọ̀ láàárín igba náà.

Olúwa á bá wa wo àwọn ọmọ wa o. Àmín.